Owó Orí Màlúù Mi ní Ọdún Àrùn

Ní Ṣakí tiwa, bí ẹ bá pàdé ọkùnrin kan tó ń gun alùpùpù jáde kúrò nílùú láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí kò mú ọkọ́, tí kò mú àdá, tó kàn so àpò iyọ̀ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè ibi tó ń lọ. Gàá Fúlàní ló ń lọ. Ó ní màlúù níbẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a bá rí owó díẹ̀ ṣe ń fi í pa mọ́ láyé ìgbà náà. Olùkọ́ ń ṣe é, oníṣòwò ń ṣe é, alágbẹ̀dẹ ń ṣe é. A ó ra abo màlúù kékeré kan, a ó fà á lé Fúlàní tí a fọkàn tán lọ́wọ́. Òun ni yóò máa dà á, òun ni yóò máa fún wàrà rẹ̀. Bí màlúù náà bá sì ti bímọ tó iye tí a jọ fẹnu kò sí, yóò mú ọmọ kan gẹ́gẹ́ bí èrè iṣẹ́ rẹ̀, ìyókù a di ti ẹni tó ni ìyá wọn. A kì í kọ ọ́ sínú ìwé. A kì í sì í kà á sókè, nítorí pé ẹbí tó bá gbọ́ pé màlúù ẹnìkan ti di agbo kò ní jẹ́ kí onítọ̀hún rí oorun sùn.

Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà. Ọ̀rẹ́ mi tó ń da màlúù mi jẹ́ ọkùnrin gíga kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Orí ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n bí i sí, èdè wa ni a sì jọ ń sọ. Tíṣà ló ń pè mí, Ọ̀rẹ́ ni mo ń pè é. Ó tó ọdún púpọ̀ tí a ti jọ ń bá a bọ̀, a kò sì jà rí.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni ọdún tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba padà lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú, tí a ń tò sórí ìlà níbi gbogbo bí ọmọ ilé ìwé, àtàgbà àtèwe. Ọdún náà ni ọmọbìnrin mi àgbà yege ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì n'Ìbàdàn. Nínú agbo ilé wa, kò sí obìnrin tó tí ì dé irú ibẹ̀ rí. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé mo lọ sí gàá lọ́jọ́ kejì, mo ta mẹ́rin nínú màlúù mi fún alápatà kan, mo sì san àsansílẹ̀ owó ilé ẹ̀kọ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Èyí tó kù nínú owó náà, mo tọ́jú rẹ̀ fún aṣọ, ìwé, bẹ́ẹ̀dì àti oúnjẹ rẹ̀.

A kò tí ì tú ẹrù ayọ̀ náà palẹ̀ tí àrùn fi wọ àárín màlúù. Gbogbo Òkè-Ògùn ló gbóòórùn ọdún náà. Omi ń dà lójú ẹran, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, wọn a yàgbẹ́ gbuuru títí wọn a fi wó lulẹ̀. Nígbàkígbà tí ọ̀kan nínú tèmi bá kú, ọ̀rẹ́ mi a gé etí rẹ̀ tó ní àmì wa, a gbé e wá fún mi nínú ewé, kí n lè mọ̀ pé kò tà á jẹ. Mo gba etí lé etí. Òórùn wọn kò ṣe é fara dà, mo sì ń gbẹ́ ilẹ̀ bò wọ́n lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ikú náà fi máa rọlẹ̀, mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù fún mi. Mo sọ lọ́kàn mi pé Ọlọ́run ṣeun tí mo ti ta ti ọmọ mi kí iná tó jó dé orí koríko.

Ìgbà náà ni ìwé dé láti ilé ẹ̀kọ́ pé, lọ́jọ́ Ajé tí wọn yóò wọlé, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìwé ẹ̀rí pé òbí rẹ̀ san owó orí pé dání. Ẹni tí kò bá mú un wá, wọn yóò fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbowó ìjọba ni wọ́n ti ń yọ owó orí mi kí owó oṣù tó dé ọwọ́ mi. Mo gbà pé kí n lọ gba ìwé náà ni, kí n padà sílé wá jẹun.

Èrò pọ̀ ní ọ́fíìsì owó orí lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí tábìlì mọ ẹ̀kọ́ ilé. Ó dìde díẹ̀, ó kí mi.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jókòó, bàbá. Ti owó oṣù yín kò ṣòro, ó wà lọ́wọ́ wa. Ǹjẹ́ ẹ ní ohun mìíràn tí owó ń gbà wọlé fún yín? Ṣé ẹ ta ohun ìní kankan lọ́dún yìí?"

Mo lè dáhùn pé rárá. Àmọ́ irọ́ kò sí nínú ọmú tí ìyá mi fún mi mu. Yàtọ̀ sí èyí, alápatà tó ra màlúù lọ́wọ́ mi ló dúró sẹ́yìn mi lórí ìlà. Kí n tó la ẹnu, ó ti kígbe sókè:

"Akọ̀wé, ẹ bi í nípa màlúù o! Hẹdimásítà wa ti di Bòròrò darandaran. Ọ̀pá ló kù tí kò tí ì kọ́ léjìká!"

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan tilẹ̀ fi èdè Hausa kí mi ní "Sànnú" láti ẹ̀yìn. Ilé tí a bí mi sí, ilé tí wọ́n fi ń júwe ọ̀nà fún àlejò ni. Bàbá mi kò da ẹran rí, bàbá rẹ̀ kò dà á. Mo tún agbádá mi gbé sí èjìká.

"Akọ̀wé," ni mo wí, tí mo rí i dájú pé gbogbo wọn gbọ́, "èmi kì í ṣe darandaran. Ohun ìní mi ni màlúù wọ̀nyẹn, bí ilé ti jẹ́ ohun ìní, bí ilẹ̀ ti jẹ́ ohun ìní. Mo ní i, mo sì tà á nígbà tó wù mí. Mẹ́rin ni mo tà."

Akọ̀wé náà rọra kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ti wí i. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, níí mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kò tí ì mọ̀ ni.

Ó bi mí pé èló ni mo rà wọ́n, èló ni mo tà wọ́n. Mo sọ fún un pé ọ̀kan ni mo rà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gàá ni wọ́n bí àwọn yòókù sí.

"A jẹ́ pé àwọn tí wọ́n bí sí gàá kò ná yín ní kọ́bọ̀, sà. Gbogbo owó tí ẹ tà wọ́n ni èrè." Ó ṣírò, ó tún un ṣírò, ó wá yí ìwé náà sí mi. Ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo èrè náà ni ìjọba fẹ́ gbà.

Iye náà gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye tó kù lọ́wọ́ mi fún aṣọ àti oúnjẹ ọmọ mi. Bí mo bá san án, kò ní rí nǹkan jẹ; bí mi ò bá san án, kò ní wọlé.

"Àwọn tó kú ńkọ́?" ni mo bi í. "Àrùn pa púpọ̀ nínú wọn. Àwọn tó kú pọ̀ ju èyí tí mo tà lọ."

Ó wò mí tàánú-tàánú. "Bàbá, nínú òfin yìí, orí èrè tí èèyàn jẹ lórí ohun ìní ni a ti ń gbowó. Àdánù orí ohun ìní, ẹni tó ṣòfò ló ni ín. A kì í yọ ọ́ kúrò nínú èrè. Bí ẹ kò bá sì tí ì san èyí, mi ò lè fún yín níwèé."

Mo rìn dé ilé láìmọ̀ pé mo rìn. Màlúù mẹ́ta tó kù kò ṣe é tà, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ fojú kan màlúù apá ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Ọjọ́ Ajé sì ń sún mọ́lé. Ọmọbìnrin mi wà lẹ́yìnkùlé, ó ń lọ aṣọ funfun tó rán fún ilé ẹ̀kọ́, ó ń kọrin. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ìyàwó mi tó ń ta àǹkárá lọ́jà ni mo sọ fún. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí mo fi parí ọ̀rọ̀.

"Háà, bàbá wọn! Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, ẹ kò sọ iye màlúù yín fún mi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá lọ kà á fún akọ̀wé owó orí!"

"Ìyá wọn, kì í ṣe àsìkò ẹ̀fẹ̀."

"Ẹ̀fẹ̀ kọ́. Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí iná bá jó ìdajì ọjà mi lónìí, tí mo ta ìdajì, ṣé wọ́n á ní kí n sanwó orí bí ẹni pé iná kò jó nǹkan kan? Ṣé wọn kò ní kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹ́ kù fún mi?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ há mọ́ mi láyà bí eegun ẹja. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo padà sí ọ́fíìsì náà kí èrò tó pé, mo bi akọ̀wé ní ìbéèrè ìyàwó mi gẹ́lẹ́.

"Ti ìyá yàtọ̀, sà," ló wí. "Iṣẹ́ ajé ni tiwọn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ajé, a ó pa èrè rẹ̀ àti òfò rẹ̀ pọ̀, orí ohun tó bá kù la ó ti gbowó. Bí ẹ bá ti sọ fún mi pé iṣẹ́ ọ̀sìn ẹran ni ẹ ń ṣe mọ́ iṣẹ́ olùkọ́, àwọn tó kú náà ìbá wọ inú ìṣirò. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ sọ fún gbogbo ayé pé ohun ìní ni. Mo sì ti kọ ọ́."

"Ṣé kò ṣe é pa rẹ́ ni?"

Ó fi ohùn sílẹ̀. "Ọwọ́ ọ̀gá mi ló kù sí. Wọ́n ń bọ̀ wá buwọ́ lu ìwé lọ́jọ́ Ẹtì, wọn kò sì ní tún padà wá títí oṣù yóò fi parí. Ẹ mú ẹni tó rí òkú màlúù yẹn wá. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan kò lè tó mọ́."

Ẹnìkan ṣoṣo ló rí òkú wọn, kò sì sí nítòsí. Ọ̀rẹ́ mi ti kó ìyókù agbo kúrò ní ilẹ̀ àrùn, wọ́n ní apá Ìjìó ló gbà. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Mo gun alùpùpù títí ẹrẹ̀ fi gbé e, mo fi í sílé olùkọ́ kan tí mo mọ̀, mo fẹsẹ̀ rìn. Níbi odò kan tó kún dé ìgbáròkó, mo dúró, mo ń wo omi pupa tó ń gbé igi lọ, mo sì ń rò ó pé bí omi bá gbé mi lọ, ta ni yóò mú ìwé lọ sí Ìbàdàn? Àwọn alágbàáṣe tó ń bọ̀ láti oko ló fà mí lọ́wọ́ kọjá.

Mo bá ọ̀rẹ́ mi níwájú àgọ́ tuntun tó ń fi koríko bò. Ó fún mi ní wàrà, ó jẹ́ kí n mu ún tán. Nígbà tí mo rojọ́ tán, ó tún mú koríko bíi mélòó kan lé orí àgọ́.

"Tíṣà," ló wá wí, "ẹran tó bá wọ ihò kìnnìún, ṣé o ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó jáde rí?"

"Ọ́fíìsì ni, Ọ̀rẹ́. Kì í ṣe ihò."

"Owó jàńgálì ni bàbá mi sá fún títí ó fi kú. Orí màlúù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbowó lé nígbà yẹn. Bí wọ́n bá ń kà á lápá ọ̀hún, a ó ti kó ẹran gba apá ibí. Bí mo bá wọlé lọ jẹ́rìí tìrẹ, wọn ò ní bi mí ní tèmi? Èmi náà ṣòfò. Ohun tó kù fún mi kò pọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ohun tí mo ń bẹ̀rù nítorí ọmọ mi ni òun náà ń bẹ̀rù nítorí tirẹ̀. Mo sọ fún un pé mi ò lè búra pé wọn kò ní bi í. Mo sọ fún un pé ọmọbìnrin mi, tó máa ń bá a gbé iyọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹran nígbà tó wà lọ́mọdé, ni wọn yóò lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́.

Ó wo òfuurufú. "Máa lọ kí òjò tó dé. Bí o bá rí mi lọ́jọ́ Ẹtì, o rí mi."

Ọjọ́ Ẹtì dé, mo ti wà ní ọ́fíìsì kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Ọ̀gá náà dé, ọkùnrin tó sanra, tó wọ gíláàsì, tí kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pe èèyàn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń wo ojú ọ̀nà, mo ń wo agogo ara ògiri. Bí wọ́n bá pe ẹnìkan, ọkàn mi a já. Bí kò bá jẹ́ orúkọ mi, a tún padà sípò díẹ̀. Àsìkò ìrun Jímọ̀ ti ń wọlé nígbà tí mo rí àkẹtẹ̀ Fúlàní ńlá kan lókè orí èrò. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ dé orúnkún.

Ọ̀gá náà kò jẹ́ kí a jọ wọlé. Èmi ló kọ́kọ́ pè.

"Ẹ ti ní ẹ kì í ṣe darandaran tẹ́lẹ̀. Kí ni iṣẹ́ yín lẹ́yìn iṣẹ́ olùkọ́?"

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, gbogbo ìlà ló ń gbọ́.

"Mo ń sin màlúù, sà. Iṣẹ́ mi ni. Fúlàní ló ń bá mi dà wọ́n, àwa méjèèjì la sì ń pín èrè rẹ̀."

Ó ní kí n ka àwọn tó kú, bí wọ́n ti rí, kí n sì sọ àwọn tó kù. Mo ka òkú wọn: dúdú oníwo kan, pupa alábàwọ́n funfun, ìyá àwọn ìbejì, gbogbo wọn. Mo sọ pé mẹ́ta wà láàyè. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bọ́ síta, ó pe ọ̀rẹ́ mi wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Mi ò gbọ́ ohunkóhun. Mo kàn ń wo ilẹ̀ tí ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ jábọ́ sí.

Nígbà tí wọ́n pè mí padà, ojú ọ̀gá náà ti le.

"Ọ̀rọ̀ yín kò dọ́gba. Ẹ̀yin ní mẹ́ta ṣẹ́ kù. Ẹlẹ́rìí yín ní kò ku ẹyọ kan. Ó ní gbogbo màlúù yín ló kú pátá."

Ọ̀rẹ́ mi ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo di òpùrọ́ níwájú ẹni tí ìwé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá tako ó, mo pe ẹni tó rin ẹrẹ̀ tọ̀ mí wá ní òpùrọ́, mo sì ba ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo ní jẹ́. Ọkàn mi sá lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ mi àti aṣọ funfun rẹ̀.

"Mẹ́ta ló kù, sà," ni mo wí nígbẹ̀yìn. "Òun náà mọ̀. Ìfẹ́ ló fi sọ ohun tó sọ, ẹ má bínú sí i."

Ọ̀gá náà yí sí i. "Kí ló dé tí o fi parọ́ fún ìjọba?"

Ọ̀rẹ́ mi gbé ojú sókè. "Ọ̀gá, Tíṣà ní kí n wá jẹ́rìí òkú. Kò ní kí n jẹ́rìí alààyè."

Akọ̀wé kékeré náà fi ìwé bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá náà yọ gíláàsì, ó nu ojú, mo sì rí i pé òun náà ń gbé ẹ̀rín mì.

"Ìwọ fúnra rẹ, mélòó ni tìrẹ?"

Ọ̀rẹ́ mi ṣí àkẹtẹ̀ orí rẹ̀.

"Ti Ọlọ́run ni wọ́n, ọ̀gá. Èmi ń bá a dà wọ́n ni."

"Jáde, jàre."

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi jáde tán, ọ̀gá náà fa ìwé mi sún mọ́ ara rẹ̀. "Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ rẹ́ wa jẹ ni, ẹ kò ní tako ẹlẹ́rìí tó ń pa irọ́ tó máa ṣe yín láǹfààní. Mo gba àwọn òkú tí ẹ kà." Ó fi ìlà gé ohun tí akọ̀wé rẹ̀ kọ tẹ́lẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé olùkọ́ ni mí, mo sì ń sin ẹran. Ó pa èrè màlúù tí mo tà pọ̀ mọ́ òfò àwọn tó kú. Ohun tó kù tó yẹ kí n sanwó orí lé lórí kéré débi pé mo san án lójú ẹsẹ̀ nínú owó tó wà lápò agbádá mi. Ó wá buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí mi, ó tẹ òǹtẹ̀ lé e.

Mo bá ọ̀rẹ́ mi níta, ó ti ṣe àlùwàlá. A jọ lọ kírun. Kò bi mí ní ohun tí wọ́n sọ, èmi náà kò sì lè dúpẹ́ tó. Ó padà sí Ìjìó lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ajé, mo bá ọmọ mi lọ sí Ìbàdàn. Láti Ṣakí títí a fi dé ibẹ̀ ni mo fi ọwọ́ tẹ àyà mi níbi tí ìwé náà wà. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, wọ́n dá òbí kan padà níwájú wa tòun ti ọmọ rẹ̀, àwọn méjèèjì ń sunkún. Obìnrin tó ń gba ìwé yí tiwa síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ó wo òǹtẹ̀, ó wo ojú mi. Ó gbé ìwé náà kúrò níwájú rẹ̀, ó fi sórí èyí tí wọ́n ti gbà, ó ní kí ọmọ mi gbé àpótí rẹ̀ wọlé.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, ó wọlé, kò wẹ̀yìn. Mi ò tí ì lè lọ sí ibùdókọ̀. Mo jókòó sórí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́ náà, àwọn èèyàn ń kọjá lọ, wọ́n ń kí mi pé "Bàbá, ẹ kú ìjókòó," mo sì ń dá wọn lóhùn títí ọkàn mi fi balẹ̀.